Ẹ̀fọn Inú Irà Oníyọ̀: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìdílé Etí Òkun àti Etí Ọ̀sà Mọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gbọ́ pé ẹ̀fọn ni ó ń kó ibà ran ènìyàn. Ẹ ti gbọ́ pẹ̀lú pé kí ẹ da omi inú agolo nù, kí ẹ bo ìkòkò omi, kí ẹ sì la ojú gọ́tà. Ìmọ̀ràn rere ni, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kan wà ní etí òkun wa tí ọ̀rọ̀ agolo àti gọ́tà kò kàn. Inú irà oníyọ̀ ni ilé rẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ gbá àgbàlá yín títí tí ó fi mọ́ tónítóní, yóò ti inú irà náà fò wá bá yín ní òru. Nípa ẹ̀fọn yìí, nípa irà tí ó ń gbé, àti nípa ohun tí ìyálé ilé lè ṣe kí ó má baà gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

TA NI Ẹ̀FỌN YÌÍ?

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Anopheles melas. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni òun àti Anopheles gambiae, ẹ̀fọn tí ó lókìkí jùlọ nínú àwọn tí ń gbé ibà kiri ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n jọra débi pé ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ sí wọn. Inú yàrá àyẹ̀wò nìkan ni a ti lè mọ èyí tí í ṣe melas. Etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni a ti ń rí i, láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Àǹgólà. Àwọn aládùúgbò wa ní etí òkun Kútọnu àti Ouidah mọ̀ ọ́n bí àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n.

Abo nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni ó fi ń mú ẹyin inú rẹ̀ gbó. Akọ rẹ̀ kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú wa. Omi dídùn ara òdòdó ni ó ń mu. Òru ni abo yìí ń jáde, pàápàá nígbà tí oorun bá ti wọ ènìyàn lára. Ó ń jẹ ènìyàn nínú ilé, ó ń jẹ ẹni tí ó jókòó sí ìta pẹ̀lú, kò sì yọ ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù sílẹ̀. Ọ̀nà irà sí ilé kò jìn lójú rẹ̀, nítorí ó lè fò ju kìlómítà kan lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò rí irà láti ojú fèrèsé rẹ̀ kò gbọdọ̀ wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun.

IYỌ̀ KÒ LÈ LÉ E LỌ

Àwọn kan gbàgbọ́ pé ẹ̀fọn kì í pamọ nínú omi oníyọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá ń gbé létí òkun kò ní í bẹ̀rù ibà tó ará ìgbẹ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èrò yìí, nítorí iyọ̀ ń pa tanwíjí ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n tanwíjí Anopheles melas ní agbára láti gbé inú omi tí iyọ̀ òkun ti dà pọ̀ mọ́ omi òjò àti omi odò. Ibi tí ìbátan rẹ̀ kò lè dé ni òun fi ṣe ilé.

Kì í ṣe gbogbo irà ni ó dára lójú rẹ̀. Onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ R. C. Muirhead-Thomson ṣe ìwádìí nípa ẹ̀fọn yìí ní agbègbè Freetown ní Sàró, ó sì tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1945. Ó rí i pé níbi tí igi ẹ̀gbà pọ̀ sí, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró sókè bí ẹsẹ̀ nínú omi, tí omi òkun ń wẹ̀ ní ojoojúmọ́, ẹ̀fọn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ pamọ síbẹ̀. Omi tí ń lọ tí ń bọ̀ kì í jẹ́ kí tanwíjí rí ibi sinmi, ẹja sì ń bá omi wọlé láti jẹ ẹ́. Ibi tí ó fẹ́ràn ni òkè díẹ̀ sí i, níbi tí irú igi irà kejì wà, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ ṣóńṣó jáde láti inú ẹrẹ̀ bí ìka ọwọ́, àti níbi tí koríko etí omi oníyọ̀ bo ilẹ̀. Ibẹ̀ kì í rí omi òkun lójoojúmọ́. Ìgbà tí omi bá kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nìkan ni ó ń dé ibẹ̀, nígbà tí ó bá sì fà padà, adágún kéékèèké yóò ṣẹ́kù láàrin koríko.

OṢÙPÁ NI ÓṢÙWỌ̀N ỌJỌ́ RẸ̀

Ẹ̀yin ìyàwó apẹja kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín nípa kíkún àti fífà omi. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, omi òkun máa ń kún ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀fọn irà oníyọ̀ mọ èyí pẹ̀lú. Orí ẹrẹ̀ tútù ni ó ń yé ẹyin sí, ẹyin náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí omi tó dé. Nígbà tí ìkún ńlá bá dé, ẹyin yóò pa, tanwíjí yóò jáde. Láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọn yóò ti di ẹ̀fọn tí ń fò. Bí ó ti ń rí nìyí lẹ́yìn ìkún kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ni àwọn ará etí irà fi máa ń wí pé ẹ̀fọn wá bí ogun ní àwọn ọ̀sẹ̀ kan, tí ó sì tún rọlẹ̀ ní òmíràn.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ogun yìí ń kéde ara rẹ̀ lójú ọ̀run, ẹ̀ẹ̀mejì nínú oṣù. Ẹ fi òṣùpá rántí iṣẹ́ ilé: nígbàkígbà tí ó bá di àrànmọ́jú tàbí tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ẹ yẹ àwọ̀n ẹ̀fọn wò bóyá ó ti ya, kí ẹ rán ibi tí ó ya, kí ẹ sì tún ojú fèrèsé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé àwọn ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀fọn kò pọ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìsinmi. Kòkòrò ibà nílò nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 láti dàgbà nínú ẹ̀fọn kí ẹ̀fọn náà tó lè kó o ran ènìyàn. Lẹ́yìn tí ó bá ti jẹ ènìyàn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò tún kọjá kí ara tó gbóná. Ẹ̀fọn tí ó gbẹ̀yìn nínú ọ̀wọ́ kan, tí ó ti dàgbà, tí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀, ni ó lè jẹ́ èyí tí ó gbé ibà dání.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé omi òkun kì í dúró de òjò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí adágún omi òjò ti gbẹ, ìkún omi òkun ṣì ń dé inú irà. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, Anopheles gambiae àti àwọn ìbátan rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí pamọ nínú adágún omi òjò. Ará etí òkun kò ní ìgbà tí ó lè ká àwọ̀n ẹ̀fọn rẹ̀ sínú àpótí.

ÌBÍNÚ Ẹ̀FỌN YÌÍ TÓ BÁWO?

A kì í bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Bí a bá mú ẹ̀fọn irà oníyọ̀ kan àti Anopheles gambiae kan, èyí àkọ́kọ́ kì í sábà gbé kòkòrò ibà tó èkejì, nítorí kì í pẹ́ láyé tó o, ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran pẹ̀lú ti ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni agbára rẹ̀. Ibi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀fọn ti ń wọ ilé kan ní òru, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó gbé ibà nínú wọn ti tó láti dá ọmọ dùbúlẹ̀.

Ibà kì í ṣe àìsàn tí a ń fi ṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, ènìyàn tí ó tó 597,000 ni ibà pa ní gbogbo àgbáyé. Bí a bá kó mẹ́wàá jọ nínú ikú wọ̀nyí, bí mẹ́ta ni ó jẹ́ ti Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí ibà pa ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Aláboyún pẹ̀lú wà nínú ewu: ibà ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ fún un, ó lè ba oyún jẹ́, ó sì lè mú kí a bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n.

KÍ LÓ DÉ TÍ A KÒ KÚKÚ DÍ IRÀ NÁÀ PA?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1897 ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, William MacGregor, tí ó jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó láti ọdún 1899 sí 1904. Ó fa omi irà Èkó gbẹ, ó sì pín oògùn kuníìnì fún àwọn ènìyàn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ odò tí wọ́n gbẹ́ láàrin Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Iṣẹ́ náà ṣe ànfààní, ṣùgbọ́n irà etí òkun wa gbòòrò ju ohun tí ọkọ́ lè gbẹ́ tán lọ.

Yàtọ̀ sí èyí, irà náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún wa. Inú rẹ̀ ni ọmọ ẹja, edé àti akàn ti ń dàgbà kí wọ́n tó bọ́ sí ọ̀sà. Igi inú rẹ̀ ń dá agbára ìgbì omi dúró kí ó má baà wó etí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá sì da iyanrìn sínú irà láìla ọ̀nà fún omi kò lé ẹ̀fọn lọ. Ó pààrọ̀ rẹ̀ ni. Omi òjò yóò dúró nínú ihò táyà ọkọ̀ àti nínú kòtò orí iyanrìn náà, omi tí kò ní iyọ̀, èyí tí Anopheles gambiae ń wá. Nítorí náà, ibi tí a ti gbọdọ̀ bá ẹ̀fọn yìí jà kì í ṣe inú irà. Orí ibùsùn, nínú ilé, àti nínú ilé ìwòsàn ni.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ỌWỌ́ YÍN

1. Ẹ sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn ní gbogbo òru, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí àwọ̀n kò bá kárí, ọmọdé àti aláboyún ni kí ẹ kọ́kọ́ fún. Ẹ ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní tàbí abẹ́ ìbùsùn. Kí ẹ tó lo titun, ẹ ta á sí ibòji fún ọjọ́ kan. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá dọ̀tí, kí ẹ sì sá a sí ibòji, kì í ṣe sínú oòrùn.

2. Àwọ̀n ẹ̀fọn kì í ṣe àwọ̀n ẹja. Ẹni tí ó bá fi í dẹ odò ń kó ọmọ ẹja tí ó yẹ kí ó dàgbà fún ọ̀la, ó sì ti gba ààbò kúrò lórí ọmọ tirẹ̀ lónìí.

3. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wáyà tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ojú fèrèsé àti ihò tí ó wà láàrin ògiri àti òrùlé. Ilé pákó orí omi pẹ̀lú kò yọ sílẹ̀. Ẹ wọ ọmọ ní aṣọ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀ bí ó bá máa pẹ́ níta lálẹ́.

4. Aláboyún, ẹ tètè fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Láti oṣù kẹrin oyún ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí gba oògùn SP tí ń dènà ibà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó bímọ, kí oṣù kan sì wà láàrin ẹ̀ẹ̀kan àti èkejì. Bí ẹ bá ń lo oògùn mìíràn lójoojúmọ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó fún yín.

5. Ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí èkíní ní ọdún 2021, ó sì fọwọ́ sí èkejì ní ọdún 2023. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa. Nǹkan bí ọmọ oṣù márùn-ún ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin sì ni ọmọ yóò gbà á. Ẹni tí ó gbà á kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi àwọ̀n ẹ̀fọn sílẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ARA ỌMỌ BÁ GBÓNÁ

Ẹ má ṣe dúró wo bí yóò ti rí títí di ọ̀la. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìka rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Bí ó bá jẹ́ ibà, oògùn ACT ni wọn yóò fún un. Láti ọdún 2005 ni Nàìjíríà ti fi í rọ́pò kilorokúìnì, nítorí kòkòrò ibà ti borí ìyẹn. Ẹ lo ó pé ọjọ́ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti júwe rẹ̀. Bí ara ọmọ bá tilẹ̀ balẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ má ṣe tọ́jú èyí tí ó kù fún àbúrò rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ wá ọkọ̀ ojú omi tàbí mọ́tò lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru:

– ọmọ kò lè mu ọyàn tàbí omi mọ́;
– ó ń bì gbogbo ohun tí ó bá jẹ;
– gìrì mú un, tàbí kò mọ ẹni tí ń pè é;
– àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun;
– ó ń mí gúlegúle;
– ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúdú.

Ọmọ tí gìrì bá mú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé ilẹ̀, kí ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ má ṣe ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ṣe fún un ní ìtọ̀ màlúù tàbí àgbo gìrì. Ẹ má ṣe na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná. Ìyà ni èyí ń fi kún ìyà, ó sì ń jẹ àkókò tí ó yẹ kí a fi dé ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń gbé orí omi, ẹ ti bá ẹlẹ́ni tí ó ní ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kí àìsàn tó dé, kí ẹ má baà máa kan ilẹ̀kùn kiri ní ọ̀gànjọ́.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÀWỌN ÌYÁ MÁA Ń BÉÈRÈ

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, nọ́ọ̀sì, ooru pọ̀ jù lábẹ́ àwọ̀n. Ṣé a kò lè sùn níta fún ìgbà díẹ̀ kí a tó wọlé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, ìyá. Òótọ́ ni pé ooru etí ọ̀sà kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ìta gan-an ni ẹ̀fọn irà ti ń dúró de yín. Bí ẹ bá ní láti sùn níta, ẹ so àwọ̀n náà mọ́ òpó níta, kí ẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè wọ ibikíbi tí okùn bá dé.

Ìbéèrè: Bí a bá sun kọ́ìlì ẹ̀fọn, ṣé a kò ti ṣe é tán?

Ìdáhùn: Kọ́ìlì lè dín ẹ̀fọn kù fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti jó tán. Èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ọmọ ọwọ́ nínú yàrá tí a ti pa. Kò lè rọ́pò àwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe wọ́n oògùn kòkòrò oko sínú yàrá, nítorí májèlé ni.

Ìbéèrè: Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀fọn kò pa òun láti kékeré, kí n má ṣe da ara mi láàmú.

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ti ìyá. Àgbàlagbà tí ibà ti ń mú láti ìgbà pípẹ́ máa ń ní agbára díẹ̀ láti kojú rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kò tíì ní agbára yìí, ti aláboyún sì máa ń dín kù. Ẹ bẹ ìyá kí ó bá yín so àwọ̀n ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú iṣẹ́ náà, ẹnu rẹ̀ yóò tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ìyá wa, irà yóò wà níbẹ̀, òkun yóò máa kún, yóò sì máa fà. A kò lè pàṣẹ fún òṣùpá. Ṣùgbọ́n láàrin irà àti ọmọ yín, ààyè kan wà tí ó jẹ́ tiyín: ojú fèrèsé, àwọ̀n orí ibùsùn, ọjọ́ tí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, àti oògùn tí ẹ lò tán. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó pa iná, ẹ na ọwọ́ yí etí àwọ̀n náà ká, kí ẹ rí i dájú pé kò sí ibi tí ó ṣí sílẹ̀.